Bí a ṣe ń kọ orúkọ, ìsọ̀rí àti ibùgbé *Calosoma sycophanta*

Àwọ̀ kòkòrò ilẹ̀ yìí ló máa ń kọ́kọ́ fani mọ́ra, òun náà ló sì máa ń ṣini lọ́nà. Ìyẹ́ líle tó bo ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé tó ń dán bíi wúrà, èèpo èjìká rẹ̀ sì jẹ́ aró dúdú. Ní Amẹ́ríkà, *Calosoma scrutator* jọ ọ́ gan-an. Etí èèpo èjìká àti ti ìyẹ́ ni kí ẹ wò: èèpo èjìká *scrutator* ní ìgbátí aláwọ̀ bàbà, ìyẹ́ rẹ̀ sì ní ìgbátí pupa tó hàn kedere. Ti *sycophanta* kò ní ìgbátí bẹ́ẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n náà: mìlímítà 21 sí 35 ló máa ń gùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí i kí ikùn rẹ̀ kọjú sókè, kí ẹ sì fi gíláàsì amúǹkantóbi wò ó. Ìdí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn máa ń gé abala àkọ́kọ́ ikùn sí méjì. Àmì yìí ló fi í sínú ẹ̀ka Adephaga, lábẹ́ Coleoptera, ìtò àwọn kòkòrò oníyẹ̀ẹ́ líle. Ìwo rẹ̀ tín-ín-rín, oríkèé 11 ló sì ní. Ìdílé rẹ̀ ni Carabidae, ìdílé kékeré rẹ̀ ni Carabinae, ìbátan rẹ̀ ni *Calosoma*.

Báyìí ni a ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́: *Calosoma sycophanta* (Linnaeus, 1758). Linnaeus ni onímọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ, 1758 sì ni ọdún tó ṣe é. Lẹ́tà ńlá ló bẹ̀rẹ̀ ìbátan (*Calosoma*), kékeré ló bẹ̀rẹ̀ irú (*sycophanta*), lẹ́tà àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́ (ítálíìkì). Ẹ má yọ àkámọ́ yẹn o. *Carabus sycophanta* ni Linnaeus pè é ní 1758. Ọdún 1801 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Weber ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìbátan *Calosoma* sílẹ̀. Àkámọ́ ló ń sọ pé irú náà ti kúrò nínú ìbátan tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi wé *Carabus auratus* Linnaeus, 1761: kò sí àkámọ́ níbẹ̀, nítorí inú *Carabus* ló ṣì wà. Ẹni tó bá yọ àkámọ́ ti *sycophanta* ń sọ pé Linnaeus fi í sínú ìbátan tí kò tíì sí fún ọdún 43 sí i.

Ibùgbé ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Ẹ pín in sí méjì, kí àwọ̀ wọn lórí máàpù má sì jọra. Ibi tó ti ṣẹ̀ wá ni Yúróòpù, Àríwá Áfíríkà, títí dé Àárín Gbùngbùn Éṣíà. Ibi tí wọ́n gbé e lọ ni ìlà-oòrùn àríwá Amẹ́ríkà: láti 1905 ni wọ́n ti ń kó o wá sí Massachusetts kó lè máa pa ìdin àfòpiná *Lymantria dispar*, tó ń jẹ ewé igbó tán.

Àṣìṣe kan wà tí ojú kì í tètè rí. Nọ́ńbà méjì ló ń fi ibi hàn lórí máàpù: bí ibẹ̀ ṣe wà sí àríwá tàbí gúúsù, àti bó ṣe wà sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn. Boston, ní Massachusetts, wà ní 42.36, −71.06. Bí àmì àyọkúrò (−) bá já, ojú àmì náà á fò lọ sí agbègbè Kyrgyzstan àti Kazakhstan. Torí pé kòkòrò yìí ń gbé Àárín Gbùngbùn Éṣíà lóòótọ́, kò sẹ́ni tí yóò fura. Nítorí náà, ẹ máa kọ orílẹ̀-èdè àti ìlú pẹ̀lú nọ́ńbà nígbà gbogbo, kí ọ̀kan lè tú àṣírí èkejì. Bí àkọsílẹ̀ àtijọ́ bá dárúkọ ìlú nìkan, ẹ kọ iye mítà tí ojú àmì yín fi lè jìnnà sí ibi tí wọ́n ti rí i gan-an.

Ní Jámánì, òfin dáàbò bò ó. Fọ́tò ni kí ẹ yà, èyí tó fi etí èjìká àti ìyẹ́ hàn. Níbi tí òfin bá gba kíkó o, ìyẹ́ ọ̀tún ni ẹ ó gún abẹ́rẹ́ sí, kì í ṣe àárín. Lébẹ́ẹ̀lì òkè yóò gbé ibi, ọjọ́, gíga ilẹ̀, ọ̀nà tí ẹ fi mú un àti orúkọ ẹni tó mú un. Ẹ fi nọ́ńbà Róòmù kọ oṣù, nítorí 5/6 lè jẹ́ May tàbí June. Lébẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ ni ti orúkọ kòkòrò, ẹni tó dá a mọ̀ àti ọdún. Bí ẹlòmíràn bá tún un dá mọ̀ lọ́jọ́ iwájú, kó gún tirẹ̀ sábẹ́, kó má fa ti àtijọ́ ya.