Bí a ṣe ń ṣírò àpò l'ọ́jà Òkè-Àjé

Bí wọ́n bá pe "àpò mẹ́wàá" fún ọ l'Ọ́jà Òkè-Àjé, n'Ìjẹ̀bú-Òde níbí, má sá. Igba náírà ni àpò kan. Fi igba lọ́nà mẹ́wàá: ₦2,000 ni màmá yẹn ń wí.

Láyé owó ẹyọ, 20,000 ẹyọ ló ń jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn ẹ̀kún àpò kan, ẹrù tó ń dá ọrùn alágbàárù. Nígbà tí pọ́n-ùn dé, àwọn oníṣòwò ń pe ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ní àpò kan. Lọ́dún 1973, náírà méjì ni wọ́n fi pààrọ̀ pọ́n-ùn kan. Bí àpò ṣe di igba náírà nìyẹn. Owó gidi ni nígbà náà o! Ẹ wo ohun tó ń rà báyìí.

Ìsọ̀ àwa onígààrí ló ti máa ń dojú rú. Bí mo bá ní "àpò méje ni kóńgò", owó ni, ₦1,400. Bí mo bá ní "àpò kan ló kù", wo ẹ̀yìn mi, gààrí ló wà níbẹ̀. Bó bá ṣì rú ọ lójú, bèèrè pé, "Ìyá, àpò owó àbí àpò gààrí?" A kì í bínú. Lẹ́yìn náà, ná an: bẹ̀rẹ̀ láti àpò mẹ́fà, mo lè gba mẹ́fà àbọ̀.