Bí A Ṣe Ń Tún Ìbọn Àtijọ́ Tó Ti Dógùn-ún Ṣe Láì Bà Á Jẹ́

Ìbọn ọdẹ tó ti wà nínú àjà fún ọ̀pọ̀ ọdún lè dógùn-ún kí ó má sì tíì bàjẹ́. Ọwọ́ ẹni tó fẹ́ tún un ṣe ló sábà máa ń bà á jẹ́. Mo ti rí èyí tí ìpáàrà ara rẹ̀ kò ju fẹ́ẹ́rẹ́ lọ, tí ẹnìkan fi ẹ̀rọ ìlọrin bó títí orúkọ ẹni tó rọ ọ́ àti nọ́ńbà ara rẹ̀ fi pa rẹ́. Ẹni tí òfin ibi tó ń gbé fún láyè láti ní ìbọn, tí ìwé àṣẹ rẹ̀ sì pé, ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bí ìbọn náà bá jẹ́ ogún tí kò tíì ní ìwé, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà, kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó ń bójú tó ìwé àṣẹ, kí wọ́n sọ fún yín bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ṣé nǹkan wà nínú rẹ̀?

Ẹ dojú ẹnu ìbọn kọ ibi tí kò sí ènìyàn, ẹ má fi ìka kan irin tí a ń fà, ẹ ṣí i, ẹ fi ojú wo ihò tí ọta ń wọ̀, kí ẹ sì fi orí ìka tọ inú rẹ̀ wò. Bí ìbọn bá ní àpótí ọta, òun ni ẹ óò kọ́kọ́ yọ kí ẹ tó yẹ ihò náà wò. Gbogbo ọta gbọ́dọ̀ kúrò nínú yàrá tí ẹ ti fẹ́ ṣiṣẹ́. Kì í ṣe pé kí ẹ tì wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí tábìlì.

Ṣakabùlà, tí a ń ti ẹnu ki ẹ̀tù sí, kò ṣeé ṣí wò, ọ̀pọ̀ wọn ni a sì gbé tì pẹ̀lú ẹ̀tù nínú. Ẹ̀tù tó ti pẹ́ gan-an ṣì lè gbiná. Ẹ rọra ti ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ láti ẹnu títí yóò fi kan ohun kan, láì dúró síwájú ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì fi àmì sára igi náà níbi tó ti bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Ẹ fà á jáde, ẹ tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn níta, kí àmì náà wà ní ẹnu ìbọn gẹ́gẹ́ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Bí ìdí igi náà kò bá dé ibi ihò tí iná ń gbà wọlé, ohun kan ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi irin gún un, ẹ má lù ú, ẹ má yá a níná. Ẹ fi í lé ẹni tó ń ṣe ìbọn lọ́wọ́.

Títú u

Èyí kò le, àyàfi sukúrù. Sukudiráfà tí a fi ń ṣiṣẹ́ ilé fẹ́ lókè ó sì tín-ín-rín lẹ́nu, nítorí náà etí ihò sukúrù nìkan ló ń kàn, yóò sì fà á ya. Mo máa ń fi fáìlì gé ẹnu ti àtijọ́ kan kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì lè dọ́gba, kí ó kún ihò náà pátápátá. Ìyẹn tó mi, ó sì kéré lówó ju àpapọ̀ irinṣẹ́ tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí. Sukúrù tó bá kọ̀, ẹ kán epo sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ ya àwòrán ìbọn náà sórí páálí, ẹ lu ihò sí i, kí ẹ sì ki sukúrù kọ̀ọ̀kan bọ ibi tó ti jáde, nítorí pé gígùn wọn kì í dọ́gba. Ẹ má tú inú ibi tí òòlù àti sípíríǹgì wà bí ẹnìkan kò bá tíì fi bí a ṣe ń ṣe é hàn yín.

Ìpáàrà

Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Àwọ̀ dúdú bí aró tí ẹ rí lára irin náà kì í ṣe ọ̀dà. Ìpáàrà ni òun náà, ṣùgbọ́n irú èyí tó lẹ̀ mọ́ irin típẹ́típẹ́ ni, tí ẹni tó rọ ìbọn mọ̀ọ́mọ̀ mú jáde kí ó lè di epo mú kí ìpáàrà pupa má sì tètè ráyè. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá ń jẹ pupa kíákíá yóò jẹ dúdú pẹ̀lú rẹ̀. Ọtí kíkan, omi ọsàn wẹ́wẹ́, omi bátìrì àti ọ̀pọ̀ oògùn ìpáàrà inú ìgò yóò sọ irin náà di aláwọ̀ eérú, wọn yóò sì fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò fún ìpáàrà tuntun.

Sáńpépà burú ju ìyẹn lọ. Ó ń sọ igun tó mú di kúńdú, ó ń fẹ́ irin lẹ́lẹ̀, ó sì ń pa àmì tí wọ́n lù sí i lẹ́yìn tí wọ́n dán agbára rẹ̀ wò. Nọ́ńbà ara ìbọn tó bá pa rẹ́ tún lè sọ yín di ọ̀daràn ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, bí ẹ kò tilẹ̀ ní èrò búburú kankan lọ́kàn. Bí ẹnikẹ́ni bá gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi ẹ̀rọ dídán irin gba orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ má gbà.

Ohun tí ẹ nílò ni epo, kànrìnkàn onírin tó kúnná jù lọ, èyí tí wọ́n kọ 0000 sí, àti sùúrù. Kànrìnkàn tí a fi ń fọ ìkòkò ti gbópọn jù. Ẹ fi epo tó ṣàn pa gbogbo irin náà, kí ẹ jẹ́ kí ó sùn mọ́jú. Láàárọ̀, ẹ rẹ kànrìnkàn sínú epo, ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi tí igi máa ń bò mọ́lẹ̀, kí ẹ tó máa fi yí lórí ìpáàrà láì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ rárá. Epo náà yóò di ẹrẹ̀ pupa. Ẹ nù ún kúrò pátápátá kó tó pọ̀, nítorí pé ìpáàrà inú rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń họ irin. Ẹ kán epo tuntun, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fi kànrìnkàn gbígbẹ kan irin náà nígbà kankan. Epo ìbọn ló dára jù, ṣùgbọ́n kẹrosíìnì tí a fi ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì tuntun lú ni èmi ń lò fún rírẹ irin. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, kí iná má sì wà nítòsí.

Ìpáàrà tó ti yọ kókó kò ní gbọ́ ti kànrìnkàn. Ẹ wá bàbà pẹlẹbẹ kan, ẹ pọ́n etí rẹ̀, kí ẹ fi há kókó náà kúrò nínú epo; bàbà rọ̀ ju irin ìbọn lọ, kò ní họ ọ́. Bí ẹ bá ra búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n pè ní onídẹ, ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn: bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin tí wọ́n fi àwọ̀ idẹ bò ni, ẹ dá a padà.

Nígbà tí aṣọ funfun kò bá mú pupa mọ́, iṣẹ́ ti parí. Ojú irin lè ní ihò wẹ́wẹ́, àwọ̀ rẹ̀ sì lè jẹ́ ti ilẹ̀ dípò dúdú; ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oògùn tútù tí a ń fi àkísà pa láti dá àwọ̀ dúdú padà kì í pẹ́ kó tó ṣí, kì í sì í bá ti àtijọ́ mu.

Ní ti inú ọ̀pá ìbọn, láti ẹ̀yìn ni kí ẹ ti máa fọ̀ ọ́ bí ó bá ṣeé ṣe, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì idẹ àti àkísà òwú. Omi gbígbóná ló ń fọ eérú ẹ̀tù dúdú, nítorí pé iyọ̀ inú eérú náà ń yọ́ nínú omi; bí ó bá sì kù síbẹ̀, yóò máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ẹ gbẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀ kí ẹ sì fi epo pa á.

Igi ìdí ìbọn

Ẹ má fá igi náà níbi tó ti pàdé irin, nítorí pé ó máa ń lọ sílẹ̀ ju irin lọ, kò sì ṣeé dá padà. Ẹ fi aṣọ tó ní ọṣẹ díẹ̀ nu ìdọ̀tí, kí ó gbẹ, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra òróró linseed, ìyẹn òróró hóró ọ̀gbọ̀, díẹ̀díẹ̀ sí i títí yóò fi gbóná lábẹ́ ọwọ́ yín. Àkísà tí ẹ fi nu òróró yìí lè gbiná fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ká a jọ sínú garawa. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níta kó gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sínú omi. Ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó jẹun, nítorí pé òjé wà nínú ìdọ̀tí ìbọn.

Ìpamọ́

Àpò awọ àti àpótí tí a fi fóòmù tẹ́ wà fún gbígbé ìbọn lọ, wọn kì í ṣe ibi ìsùn rẹ̀. Wọ́n ń di omi mú, wọn yóò sì dá gbogbo ìpáàrà tí ẹ bọ́ padà. Àpótí irin tó ní àgádágodo ni kó wà, kí ọta wà ní ọ̀tọ̀ lábẹ́ àgádágodo mìíràn, kí ọmọdé má sì mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Èmi ń dojú ẹnu ìbọn délẹ̀ sórí aṣọ, kí epo má ba à ṣàn wọ inú igi, nítorí pé igi tó bá mu epo fún ọdún púpọ̀ máa ń rọ̀. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù, pàápàá níbi tí ọwọ́ ti kàn án, nítorí pé òógùn ní iyọ̀.

Kí ẹ tó yìn ín

Ẹni tó mọ̀ nípa ìbọn gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n kí ọta kankan tó wọ inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìbọn àtijọ́ ní ihò ọta tó gùn ní 65 mm, nígbà tí ọta òde òní sábà máa ń jẹ́ 70 mm. Gígùn tí a kọ sára ọta jẹ́ ti ìgbà tí ẹnu rẹ̀ bá ti là, nítorí náà ti 70 mm yóò wọlé nírọ̀rùn. Ìgbà tí ẹ bá yìn ín ni ẹnu rẹ̀ kò ní rí àyè là, agbára inú ìbọn yóò sì ga ju bó ti yẹ lọ. Ìbọn tí ara rẹ̀ ní àmì wíwé bí okùn, tí a fi irin oríṣi méjì lọ́ pọ̀, lè ti dógùn-ún nínú ibi tí a ti jó o pọ̀ láì hàn síta, kò sì yẹ kí ọta òde òní wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá ní ìbọn 12 àti 20 nínú ilé kan náà (nọ́ńbà yìí ni ìwọ̀n ihò ọ̀pá ìbọn, ti 20 sì kéré ju ti 12 lọ), ẹ má kó ọta méjèèjì sínú àpò kan: ti 20 máa ń yọ́ kọjá ihò ọta 12, yóò há sínú ọ̀pá láì hàn, ti 12 yóò sì tún wọ ẹ̀yìn rẹ̀, ìbọn yóò sì bẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó yìn ín.