Mo Fojú Ara Mi Rí I! Bí Ẹ Ṣe Lè Dán Ojú, Etí àti Ọpọlọ Yín Wò Nílé

Wọ́n ní ìròyìn ò tó àfojúbà, òwe yẹn sì ti kó mi sí wàhálà rí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ ń jiyàn lórí ṣẹ́ẹ̀tì tí bàbá wa wọ̀ lọ́jọ́ tá a kó lọ sílé tuntun, ìgbà yẹn a ṣì kéré. Mo ní aláwọ̀ ewé ni, wọ́n ní irọ́ ni, pupa ni, mo ní ẹ̀gbọ́n mi ẹ gbọ́ o, mo wà níbẹ̀, ojú mi yìí ni mo fi rí i, mo tiẹ̀ rántí báírò tí wọ́n fi há àpò àyà wọn, ìdérí ẹ̀ dúdú. Díẹ̀ ló kù kí n búra. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi fa ọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n kàn wọlé lọ gbé álíbọ́ọ̀mù jáde. Pupa ni. Báírò ńkọ́? Ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ò tiẹ̀ ní àpò.

Kì í ṣe pé mo gbàgbé ló dùn mí, ta ni kì í gbàgbé. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé mo RÍ báírò yẹn, mò ń rí i bí mo ṣe ń rí fóònù tó wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ta ló wá fi síbẹ̀? Ọpọlọ mi ni (ọpọlọ o, kì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́ etí odò).

Àtìgbà yẹn ni mo ti ń kó àwọn ìdánwò kéékèèké jọ, èyí téèyàn lè fi ká ojú àti ọpọlọ ara ẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe màgòmágó. Ẹ wá pépà, báírò, rúlà, abọ́ mẹ́ta, dígí, fóònù, àti ẹnì kan tó ní sùúrù.

Ihò tó wà nínú ojú yín

Ibí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá ṣe èyí kì í tún gbẹ́kẹ̀ lé ojú ẹ̀ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ fa àmì + kékeré sápá òsì pépà funfun kan. Ẹ wọn sẹ̀ǹtímítà 8 sápá ọ̀tún ẹ̀, kẹ́ ẹ kun ẹ̀kán dúdú kan síbẹ̀, kó tó bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ di ojú òsì. Ẹ tẹ ojú ọ̀tún mọ́ àmì + yẹn, ẹ ò gbọ́dọ̀ wo ẹ̀kán dúdú o, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́ fáwọn. Ẹ na pépà síwájú tán, kẹ́ ẹ wá máa fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sójú yín, ẹ̀kán dúdú yẹn á pòórá. Pátápátá. Ẹ tún fà á sún mọ́ yín sí i, á padà wá.

Ará Faransé kan tó ń jẹ́ Edme Mariotte ló rí èyí láàárín ọdún 1660 sí 1670. Ìdí ẹ̀ ni pé gbogbo iṣan tó ń gbé ohun tójú rí lọ sí ọpọlọ kóra jọ síbì kan lẹ́yìn ẹyinjú kí wọ́n tó gba ibẹ̀ jáde, ojú ihò yẹn ò sì ní nǹkan kan tó lè gba ìmọ́lẹ̀. Ojú méjèèjì ló ní tiẹ̀. Tá a bá la méjèèjì sílẹ̀, èkínní á máa bo àṣírí èkejì. Àmọ́ ẹ ti di ọ̀kan báyìí, kí ló dé tẹ́ ò rí ihò dúdú láàárín pépà? Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i: ẹ yí pépà sẹ́yìn, ẹ fa àmì + bíi tàtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n dípò ẹ̀kán dúdú, ẹ fa ìlà gbọọrọ kan láti òkè délẹ̀, kẹ́ ẹ fi àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà kan sílẹ̀ nínú ẹ̀ lápá ibi tí ẹ̀kán ì bá wà. Tí àlàfo yẹn bá bọ́ sínú ihò ojú yín, ẹ ó rí ìlà tó já geere láìgé. Ọpọlọ ti bá yín fa ìyókù. Kò bi yín, kò sì sọ fún yín lẹ́yìn tó ṣe é tán.

Ọ̀rọ̀ báírò bàbá mi náà nìyẹn, àbí kí lẹ rò?

Dígí

Ẹ dúró níwájú dígí, ẹ wo ẹyinjú òsì yín, ẹ wo tọ̀tún, ẹ máa lọ ẹ máa bọ̀. Títí ilẹ̀ á fi ṣú ẹ ò ní rí ojú yín kó yí. Ẹ ní kí ẹni tó dúró tì yín wò ó, òun á máa rí i kedere bó ṣe ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ wá tan kámẹ́rà iwájú fóònù, ẹ tún un ṣe, lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀yin náà á rí i, torí àwòrán fóònù máa ń fi ìṣẹ́jú àáyá tín-ín-tín dẹ́yìn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé nígbàkigbà tójú bá fò láti ibì kan síbòmíì (ó sì ń fò bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), ọpọlọ máa ń pa àwòrán àárín yẹn rẹ́, bí ẹni tó ń gé fíìmù ṣe ń gé ibi tí kámẹ́rà ti mì jù nù, á wá so ìyókù pọ̀ bíi pé nǹkan kan ò já níbẹ̀.

Nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ ojú, ẹ tẹjú mọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìlà yìí, kẹ́ ẹ gbìyànjú láti ka ìlà kẹrin nísàlẹ̀ ẹ̀ láìgbé ojú kúrò. Kò ṣeé ṣe, àbí? Ibi tójú ti ń ríran kedere ò ju èékánná àtàǹpàkò lọ tẹ́ ẹ bá na ọwọ́ tán. Gbogbo ìyókù bàìbàì ni, a kàn rò pé a ń rí gbogbo yàrá ni.

Omi mẹ́ta, ìka méjì

Ẹ bu omi gbígbóná sábọ́ kan (kó má bó yín lọ́wọ́ o, omi téèyàn lè fi wẹ̀ ni mò ń wí), ẹ bu tútù sí ìkejì, lọ́wọ́ọ́wọ́ sí àárín. Ẹ ki ọwọ́ kan bọ gbígbóná, ìkejì bọ tútù, kẹ́ ẹ ka ìṣẹ́jú kan. Ẹ wá ki méjèèjì bọ ti àárín lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ kan á ní omi yìí tutù, èkejì á ní ó gbóná. Omi kan náà, èèyàn kan náà! John Locke, ọlọ́gbọ́n orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi èyí ṣe àpẹẹrẹ láti ọdún 1690. Bí nǹkan ṣe yí padà sí lára ń sọ fún yín, kì í sọ bó ṣe gbóná tó gan-an.

Ti ìka ò gba àkókò. Ẹ gbé ìka àárín gun ìka ìfábẹ̀lá bí ẹni tó fẹ́ lọ́ wọn pọ̀, ẹ di ojú, ẹ ní kí ẹnì kan yí nǹkan roboto kékeré kan síbi tí orí ìka méjèèjì ti pàdé. Méjì lẹ ó máa gbọ́ lára. Aristotle, ọlọ́gbọ́n orí ilẹ̀ Gíríìsì, ti mẹ́nu ba èyí ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn.

Ẹ tún ní kí onísùúrù yín mú báírò méjì, kó fi orí wọn tọ́ yín lẹ́yìn pa pọ̀, kó fi sẹ̀ǹtímítà méjì sáàárín wọn. Ẹ ó búra pé ọ̀kan ni. Ó di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin kí ẹ̀yìn tó mọ̀ pé méjì ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé mílímítà méjì sí mẹ́ta ti tó fún orí ìka. Ernst Weber ló kọ́kọ́ fara balẹ̀ wọn èyí nílẹ̀ Jámánì, ó gbé e jáde lọ́dún 1834.

Ohun tójú àti etí wa ò lè gbé rárá

Ẹ mú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, ẹ kọ orí ẹ̀ sójú yín, ẹ tẹ bọ́tìnnì. Ẹ ò rí nǹkan kan. Ẹ wá kọ ọ́ sí kámẹ́rà iwájú fóònù yín, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ ó rí iná tó ń ṣẹ́jú lórí ẹ̀. (Kámẹ́rà ẹ̀yìn lè má gbé e, wọ́n máa ń fi nǹkan sẹ́ ẹ níbẹ̀.) Ọjọ́ tá a ti ń tẹ rìmóòtù niná yẹn ti ń tàn sí wa lójú. Ìmọ́lẹ̀ tójú èèyàn lè rí ò ju nǹkan bíi nánómítà 380 sí 750 lọ (òun ni wọ́n fi ń wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀), èyí tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ dà bíi pé kò sí. Oyin ń rí àwọn ìlà lára òdòdó tó jẹ́ pé lójú tiwa òdòdó yẹn ò ní ìlà kankan.

Etí náà bẹ́ẹ̀. Hertz 20 sí 20,000 ni tọmọdé (Hertz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), bá a bá sì ṣe ń dàgbà lòkè yẹn ń já wálẹ̀. Ẹ wá áàpù tó ń gbé ohùn tó tín-ín-rín gan-an jáde, ẹ fi Hertz 16,000 sí i níbi tọ́mọdé àti àgbà jọ jókòó sí. Ọmọ á fọwọ́ dí etí, àgbà á ní kí ló ń ṣe ọmọ yìí, ṣebí nǹkan kan ò dún. Àdán tó ń fò kọjá lórí àwọn méjèèjì ń pariwo ju ìyẹn lọ, ó kàn jẹ́ pé ohùn tiẹ̀ lè kọjá 100,000.

Kẹ́ ẹ má sì rò pé etí ń dá ṣiṣẹ́ ẹ̀. Harry McGurk àti John MacDonald fi hàn lọ́dún 1976 pé tí ohùn bá ń sọ "ba" àmọ́ tẹ́nu tí à ń wò ń ṣe bí ẹni ń sọ "ga", "da" lọ̀pọ̀ èèyàn máa gbọ́. Ẹ di ojú, ó di "ba" padà. Fídíò ẹ̀ wà káàkiri, ẹ wá a.

Ti ọpọlọ ló le jù

Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín kan pé: mo ní òfin kan lọ́kàn tí nọ́ńbà mẹ́ta yìí tẹ̀ lé, 2, 4, 6. Máa dá nọ́ńbà mẹ́ta mẹ́ta, màá sọ bóyá ó bá òfin mi mu, tó o bá ti dá ẹ lójú, sọ òfin yẹn. Á dá 8, 10, 12. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Á dá 20, 22, 24. Bẹ́ẹ̀ ni. Á wá fi ìdùnnú sọ pé kẹ́ ẹ máa fi méjì méjì kún un ni òfin yín. Rárá o! Òfin yín ni pé kí nọ́ńbà máa tóbi sí i, 1, 7, 300 náà bá a mu. Peter Wason ló gbé ìdánwò yìí jáde lọ́dún 1960. Mo ti ṣe é fún bí èèyàn mẹ́jọ, ẹnì kan ṣoṣo ló dá nọ́ńbà tó lè tú èrò ara ẹ̀ ká wò, ọmọ ọdún mọ́kànlá sì ni. Àwa tó kù, èmi náà wà níbẹ̀, ẹlẹ́rìí tiwa nìkan là ń pè. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, ṣebí ohun tí wọ́n wí nìyẹn, ó kàn jẹ́ pé ẹnì kan yẹn lè jẹ́ àwa fúnra wa.

Ìrántí náà ń gba ìtúnṣe. Lọ́dún 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer fi fíìmù ìjàǹbá mọ́tò han àwọn èèyàn, wọ́n bi àwọn kan pé báwo ni mọ́tò ṣe ń sáré tó nígbà tí wọ́n fọ́ mọ́ra wọn, wọ́n bi àwọn mìíì pé nígbà tí wọ́n kọlu ara wọn. Lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n rí gíláàsì tó fọ́. Nínú 50 tó gbọ́ "fọ́", 16 ní àwọn rí i, nínú 50 tó gbọ́ "kọlu", 7. Gíláàsì kankan ò fọ́ nínú fíìmù yẹn.

Kí lẹ wá fẹ́ ṣe sí i?

Ẹ má sọ pé ẹ ó máa ṣọ́ra, kò ràn án. Ẹ fa ìlà méjì tó dọ́gba, ẹ fi ọfà tó kọjú síta sẹ́nu méjèèjì ti àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ yí orí ọfà ti ìkejì sínú. Ẹ fi rúlà wọ̀n wọ́n, wọ́n dọ́gba. Ẹ tún wò wọ́n: wọn ò dọ́gba. Láti 1889 tí Franz Müller-Lyer ti gbé e jáde, mímọ̀ ò tíì wo ojú ẹnikẹ́ni sàn. Rúlà ló ń ranni lọ́wọ́. Nítorí náà, tí nǹkan pàtàkì bá ṣẹlẹ̀ lójú yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, torí lẹ́yìn ìgbà tẹ́ ẹ bá ti jọ sọ ọ́ tán, tiyín àti ti wọn ti pò pọ̀ nìyẹn. Tẹ́ni méjì bá wà níbẹ̀, kí kálukú kọ tiẹ̀ lọ́tọ̀. Tó bá ṣeé yà ní fọ́tò, ẹ yà á. Ẹ sì má bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè tó ti ní ìdáhùn nínú, ẹ kàn ní "kí lo rí?", kẹ́ ẹ panu mọ́.

Mo sì fẹ́ kìlọ̀ ohun kan torí mo ti rí ẹni tó ṣe é. Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sọ fún ẹni tí wọ́n ṣe níkà pé bóyá ojú ẹ̀ ló ń ṣe é. Ìwà burúkú nìyẹn. Ẹ̀kán dúdú ò fìgbà kankan kúrò lórí pépà o, ojú ni ò rí i. Ara yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ìdánwò yìí wò.

Mo fi ti ihò ojú han ẹ̀gbọ́n mi lóṣù tó kọjá. Wọ́n pariwo, wọ́n yí pépà wò lẹ́yìn bíi pé mo fi nǹkan pa á rẹ́. Wọ́n wá bi mí pé ti ṣẹ́ẹ̀tì bàbá ńkọ́, ṣé mo ti gbà báyìí pé pupa ni. Mo ní mo gbà, fọ́tò wà níbẹ̀. Àmọ́ bí mo ṣe di ojú báyìí, aláwọ̀ ewé ni, báírò yẹn ṣì wà lápò, ìdérí ẹ̀ dúdú.