Bátì Tí Ìgúnpá Àgbà Yóò Lè Gbà: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Ìdílé ní Abẹ́òkúta

Ìyá tó bá lọ wẹ ọmọ ní Amẹ́ríkà lóde òní, bó bá ń bọ̀ nílé, ó máa ń gbé ìròyìn eré kan bọ̀ pẹ̀lú ẹrù. Pickleball ni wọ́n ń pè é. Yóò ní àwọn arúgbó ibẹ̀ ń gbá a láàárọ̀ bíi pé eegun wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ le, òun náà sì fẹ́ máa gbá a. Àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá bátì kiri lórí fóònù, èyí tó bá ń dán jù ni wọ́n á rà. Nítorí irú bátì bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ ìwé yìí.

Fún ẹni tí kò tíì rí i: ọdún 1965 ni wọ́n dá eré náà sílẹ̀ ní erékùṣù Bainbridge, ní ìpínlẹ̀ Washington. Ó mú díẹ̀ nínú tẹ́níìsì, ó mú díẹ̀ nínú tẹ́bù tẹ́níìsì. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ jẹ́ ike tó ní ihò kiri ara, kò tó gíráàmù 27. Pápá rẹ̀ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 44, ó fẹ̀ ní 20, ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú pápá badminton tí èèyàn méjì-méjì máa ń gbá. Nítorí náà ilé ẹ̀kọ́ tó bá ti ní ìyẹn, kí wọ́n sáà rẹ àwọ̀n sílẹ̀ títí àárín rẹ̀ á fi wà ní íǹṣì 34. Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù tó ń ṣí eré, kò sí pé à ń na apá sókè bíi ti tẹ́níìsì. Ìyẹn dín wàhálà èjìká kù. Ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́ ló kù tí ó yẹ ká ṣọ́.

Èmi tí mò ń kọ èyí ti jìn sí kòtò náà rí. Bátì dúdú kan, tí wọ́n kọ sí lára pé ti àwọn akọni ni, ni mo rà fún màmá mi. N kò wọ̀n ọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo wọlé nírọ̀lẹ́, mo bá wọn nídìí ààrò, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń ro láfún, ọwọ́ ọ̀tún sì wà lórí itan bí ọmọ tó sùn. Mo ní, “Màmá, kí ló ṣe ọwọ́ yín?” Wọ́n ní, “Kò ṣe nǹkan kan. Omorogùn yìí ló wúwo.” Omorogùn tí wọ́n ti ń lò kí wọ́n tó bí mi! Nígbà tí mo gbé bátì náà sórí síkéèlì, gíráàmù 252 ló jẹ́.

Ìwúwo rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á. Fún àgbà, ẹ wá èyí tó wà láàárín gíráàmù 207 sí 227. Bó bá jẹ́ áúnsì ni wọ́n kọ, 7.3 sí 8 nìyẹn. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà 50cl kan wúwo tó ìdajì kílò, bátì tó dára kò sì tó ìdajì ọ̀rá náà. Ẹ má rò pé èyí tó fúyẹ́ jù lọ ló máa sàn jù o. Bí bátì bá fúyẹ́ bí abẹ̀bẹ̀, bọ́ọ̀lù á máa tì í padà, apá á sì máa fi agbára dí ohun tí bátì kò ní. Ìgúnpá náà ló máa san gbèsè ọ̀hún. Bí ẹ kò bá ní síkéèlì, àwọn tó ń ta èròjà kéèkì lọ́jà ní in. Ẹ bẹ̀ wọ́n dáadáa.

Bátì méjì lè wúwo bákan náà kí ọ̀kan sì máa fa ọwọ́ ju èkejì lọ. Orí tó wúwo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí àgbà na ọwọ́ síwájú, kí ó di bátì mú, kí ó rọra ka ení dé ọgbọ̀n. Bí orí bátì bá ti ń tẹ̀ wálẹ̀ kó tó ka ogún, ẹ dá a padà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rú bátì, ibi tí ọwọ́ ti ń dì í mú, wá kù, àgbẹ̀ kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún òun. Ẹ̀rú ọkọ́ tó bá tín jù, ńṣe lèèyàn ń fún un pa. Èyí tó bá tóbi jù á máa yí lọ́wọ́. Bátì kò yàtọ̀. Ẹ mú tépù télọ̀ irú èyí tí àwọn aláṣọ ń lò ní Ìtòkú. Kí àgbà la àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, kí ìka ṣù mọ́ra. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ìlà àárín àtẹ́lẹwọ́ títí dé orí ìka òrùka. Iye íǹṣì tí ẹ bá rí ni yíyíká ẹ̀rú tó bá a mu. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà wà láàárín íǹṣì 4 sí 4½. Bí bátì bá ti wà nílẹ̀, kí ó dì í mú, kí ó sì ti ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ kejì bọ àárín orí ìka àti àtẹ́lẹwọ́. Bó bá wọlé gééré láìsí àyè, ó pé. Bí kò bá wọlé, ẹ̀rú náà tín jù. Bí àyè bá ṣẹ́kù, ó tóbi jù.

Bí ẹ bá wà láàárín méjì, ẹ mú èyí tó kéré. A lè fi tépù ìwé-ẹ̀rú, kì í ṣe ti télọ̀, wé ẹ̀rú kó tóbi sí i, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe máa gbẹ́ ẹ dín kù. Bàbá tí làkúrègbé kò jẹ́ kí ìka rẹ̀ pa dé, tépù tó rọ̀ tó nípọn díẹ̀ ni kí ẹ wé e fún un, kó má baà máa fún ẹ̀rú náà. Òógùn ooru oṣù kẹta níbí kì í ṣe ti eré: bí tépù bá ti ń yọ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé bátì sínú mọ́tò tí oòrùn ń pa, nítorí gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ lè tú.

Inú bátì náà rí bí afárá oyin, ike ni wọ́n fi ṣe é. Èyí tó nípọn tó mìlímítà 16 máa ń gba ìgbọ̀nrìrì bọ́ọ̀lù mọ́ra ju ti 13 lọ. 16 ni kí ẹ rà. Ní ti ara òde, bóyá fiberglass ni tàbí carbon, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn gba owó lọ́wọ́ yín. Bátì onígi kò wọ́n, àmọ́ ó wúwo, ó sì ń gbọ̀n. Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ọmọ.

Òfin eré ní àpapọ̀ gígùn àti fífẹ̀ bátì kò gbọ́dọ̀ ju íǹṣì 24 lọ, nítorí náà èyí tó bá gùn gbọ́dọ̀ tín. Èyí tó gùn níwọ̀n 16 tó sì fẹ̀ ní 8 ni mo fẹ́ràn fún àgbà: bọ́ọ̀lù tó bá ṣìnà díẹ̀ ṣì máa bá a lára, orí rẹ̀ kò sì jìnnà sí ọwọ́.

Ọ̀rọ̀ ara kò ṣeé fi sílẹ̀. Ẹ wọ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú, kì í ṣe sálúbàtà. Ẹ lo awò tó ń dáàbò bo ojú. Bí bọ́ọ̀lù bá gba orí kọjá, ẹ má fi ẹ̀yìn rìn lé e. Ẹ yí padà kí ẹ tó lọ, àbí kí ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Bí ìgúnpá bá ń dun yín nígbà tí ẹ bá ń fún aṣọ tàbí tí ẹ bá ń ṣí ìdérí, ẹ dá eré dúró ná.

Bátì tí màmá mi ń lò báyìí jẹ́ gíráàmù 218, tépù kan ló wé mọ́ ẹ̀rú rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n tún fi ń ro láfún. Ti gíráàmù 252 ṣì wà nílé. Òun ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ń lé adìẹ kúrò lórí láfún tí a bá sá.