Tí àgbọ̀n bá wú, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí wọ́n tó gé e

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, tí àgbọ̀n èèyàn bá ṣàdédé wú, nǹkan méjì la máa ń sáré rò, eyín tó jẹrà àbí jẹjẹrẹ. Ó lè má jẹ́ ìkankan o. Ọrùn ni wàhálà lè ti wá.

Lẹ́yìn thyroid, ìyẹn ibi tí gẹ̀gẹ̀ ti máa ń yọ, àwọn gílándì kéékèèké kan wà, mẹ́rin ni lára ọ̀pọ̀ èèyàn, wọn ò ju hóró ìrẹsì lọ, parathyroid lorúkọ wọn. Àwọn ló ń ṣọ́ calcium inú ẹ̀jẹ̀. Tí ọ̀kan bá wá lé kókó (kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ), á bẹ̀rẹ̀ àṣejù, á máa fa calcium jáde látinú eegun sínú ẹ̀jẹ̀, bí ẹni tó ń yọ búlọ́ọ̀kù ilé ara ẹ̀ tà. Ibi tí eegun bá ti jẹ, ẹran rírọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ sun sí ló máa hù síbẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ á dà bíi búráùn, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní brown tumour. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ló máa ń mú ju tòkè lọ.

Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà eléyín, UCH ni o, ibòmíì ni o, ẹ má sọ ti ẹnu nìkan. Ṣé ẹ ti ní òkúta kíndìnrín rí? Ṣé òùngbẹ ń gbẹ yín ṣáá tẹ́ ẹ sì ń tọ̀ léraléra, ìgbẹ́ ò yà dáadáa, eegun ń ro yín? Ẹ sọ gbogbo ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún yín torí kíndìnrín, ìyẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ, torí kíndìnrín tó bàjẹ́ lè sọ gbogbo gílándì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn di aláṣejù.

Wọ́n á ya ẹ́síréè, wọ́n sì lè gé díẹ̀ lọ sí láàbù. Ibí yìí ló ti ń dojú rú. Ohun tí wọ́n máa rí lábẹ́ maikirosíkóòpù jọ àìsàn eegun míì tó ń jẹ́ giant cell granuloma, bí ìbejì ni wọ́n jọra, ẹ̀jẹ̀ ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀: calcium, phosphate, àti PTH, ìyẹn họ́mónù tí àwọn gílándì parathyroid yẹn ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni ò bá dárúkọ PTH, ẹ̀yin ẹ dárúkọ ẹ̀, kì í ṣe àfojúdi. Wọ́n gé ti àǹtí mi kan lẹ́ẹ̀mejì níbì kan, ó tún wú padà, ìgbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ni aṣọ tó kúrò lójú eégún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí pé eegun ń jẹ lọ máa ra calcium ní kẹ́míìsì. Ó lè ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀.

Tó bá jẹ́ kókó ni, ọrùn ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ sí, wọ́n á yọ gílándì tó ń ṣèjọ̀ngbọ̀n. Lọ́pọ̀ ìgbà àgbọ̀n á máa fà padà fúnra ẹ̀, oṣù mélòó kan ló máa gbà, ẹ ní sùúrù. Èyí tó tóbi jù tàbí tó kọ̀ tí kò lọ ni wọ́n ń gé. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ebi calcium á máa pa eegun, á gbà á padà lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ kíákíá, torí náà tí ètè àti ọmọ ìka bá ń ṣe yín bí ìgbà tí èèrà ń rìn níbẹ̀, àbí iṣan ń fà yín, ẹ padà sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró di ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín.