Bí Ẹ Ṣe Lè Ran Eegun Ọmọ Lọ́wọ́ Kí Ó Lè Le Dáadáa

Eegun bísíkíìtì tí à ń rún nínú ẹran, irú rẹ̀ ni púpọ̀ nínú eegun ọmọ fi ń bẹ̀rẹ̀ nínú oyún. Díẹ̀díẹ̀ ni kálísíọ́mù, èròjà tó ń mú eegun le, ń wọ inú rẹ̀, tó sì ń sọ ọ́ di eegun líle. Ṣùgbọ́n ìpele rírọ̀ kan máa ń ṣẹ́kù nítòsí orí àwọn eegun gígùn, ibẹ̀ gan-an ni ọmọ ti ń ga. Ìpele náà sábà máa ń di eegun líle pátápátá ní ọdún 13 sí 15 fún obìnrin, ọdún 15 sí 17 fún ọkùnrin.

Ọmọ ọdún 1 sí 3 nílò kálísíọ́mù mílígíráàmù 700 lóòjọ́. Ọdún 4 sí 8, mílígíráàmù 1000. Ẹ̀kọ lásán kò lè tó o. Ẹ lọ ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ teeguntegun kí ó kúnná, kí ẹ bù ú sínú ọbẹ̀ ewédú rẹ̀. Ẹ fi wàrà kún un bí agbára bá ká a. Ẹ jẹ́ kí ó máa ṣeré níta: oòrùn ló ń mú kí ara ṣe fítámì D, èyí tó ń gba kálísíọ́mù wọlé láti inú ìfun.

Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́? Ẹ mú un dúró, kí kókósẹ̀ méjèèjì kanra, kí ẹ wá wọn àlàfo àárín orúnkún. Kí ọmọ tó pé ọdún 2, wíwọ́ díẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Lẹ́yìn ìyẹn, bí àlàfo náà bá ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ, tàbí tó jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wọ́, tàbí tí ọrùn ọwọ́ wú, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi igi di ẹsẹ̀ náà. Igi kò lè fún eegun ní kálísíọ́mù tó ń wá.