Bí Mo Ṣe Tún Ń Dìde Nílẹ̀ Láìfọwọ́ Tilẹ̀

Orí àpótí kékeré ni mo máa ń jókòó sí láti ta aṣọ ní Ọjà Ọba ní Ìlọrin, ó sì tó ọdún méjì tí n kò lè dìde láìfọwọ́ tilẹ̀. Mo fi òróró pa orúnkún, mo sì sinmi títí, àṣé ìsinmi yẹn gan-an ló ń dá kún un, nítorí pé iṣan tí a kò bá lò a máa joro, bẹ́ẹ̀ ni egungun obìnrin a máa yára dín lágbára lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró.

Ọmọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní kí n jókòó sórí àga gíga, kí n ká ọwọ́ sáyà, kí n máa rọra dìde, kí n sì máa rọra jókòó nígbà 8, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Nígbà tí ìyẹn rọrùn, mo gbé ike omi lítà 1.5 mọ́ra. (Ìyá aláta ẹ̀gbẹ́ mi ní iṣan mi yóò tóbi bíi ti alábàárù, kò mọ̀ pé èròjà tó ń mú iṣan ọkùnrin tóbi kò pọ̀ lára obìnrin.) Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, oníbàárà kan béèrè àǹkárá, mo sì ti dìde kí n tó rántí pé n kò fọwọ́ tilẹ̀.